Ẹni Tó Gbin Tòmátì Sórí Ààtàn

Àlọ́ o!

"Àlọ̀."

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní, àlọ́ o!

"Àààlọ̀!"

Ẹ̀n-ẹ́n! Ó wá dá mi lójú báyìí pé ẹ jẹun yó. Àlọ́ mi ta pọ́ún, ó fò gẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé Ẹtu. Ó tibẹ̀ yí gbirigbiri, ó di ẹ̀yìn ilé Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Kí n tó máa bá a lọ, ẹ dá mi lóhùn: ta ló gbin tòmátì sórí ààtàn?

"Ẹyẹ ni!"

Ẹyẹ kọ́.

"Àgbẹ̀ ni!"

Àgbẹ̀ wo, Adéwọyin? Àgbẹ̀ wo ni orí rẹ̀ pé tí yóò gbé ọkọ́ lọ sórí ààtàn? Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹni tó gbìn ín ò mọ̀ pé òun ń gbin nǹkan, ìyẹn ni mo lè fi ta yín lólobó. Mojírádé, ká ẹsẹ̀ rẹ kò, kí o sì múra orin sílẹ̀, torí ìwọ ni ohùn rẹ dùn jù nínú gbogbo àwọn olóhùn àkèré wọ̀nyí.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko jọ ń gbé ìlú kan, Ẹfọ̀n sì ni baálẹ̀ wọn. Ọ̀dá dá lọ́dún kan. Ọ̀dá ọ̀hún kì í ṣe kékeré o. Ilá rọ, ẹ̀fọ́ rọ, ata gbẹ mọ́ orí igi. Ti tòmátì ló wá burú jù. Wọ́n ń se ọbẹ̀, ọbẹ̀ ò pupa. Ọbẹ̀ funfun báláú bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo. Àwọn ọmọ á wo inú àwo, wọ́n á wo ojú ìyá wọn, wọ́n á tún wo inú àwo.

Ibì kan ṣoṣo tí igi tòmátì kù sí ni ẹ̀yìnkùlé Ẹtu. Kì í ṣe pé Ẹtu ní oògùn kankan o. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ọgbà ni. Inú ìkòkò fífọ́ ló kọ́kọ́ gbin hóró rẹ̀ sí, nínú ilẹ̀ dúdú tí ewé ti jẹrà sí, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó. Nígbà tó dàgbà tó láti lọ sórí ebè, kò tú u lọ́sàn-án gangan bí àwọn kan tí mo mọ̀, tí mi ò ní dárúkọ wọn. Ìrọ̀lẹ́ ló tú u gbìn, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Ó ri ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ jìn dé ìdajì, torí ara igi tòmátì tó bá ti wọlẹ̀, gbòǹgbò ló ń yọ. Ó ki igi tì í kó má baà wó, ó sì fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ so ó mọ́ igi náà jẹ́jẹ́, kò so ó pa. Ó kó koríko gbígbẹ sí ìdí rẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi ilẹ̀ mu tán. Àárọ̀ ló ń bomi rin ín, ìdí ló sì ń da omi sí. Kì í da omi lé e lórí, torí ewé tòmátì tí ara rẹ̀ kì í gbẹ, àìsàn ló ń ké sí.

Adéwọyin fẹ́ bi mí léèrè ibi tó ti ń rí omi lọ́dún ọ̀dá. Mo rí i lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ìlú ló ń fún un. Ìsun kan ṣoṣo ni kò tíì gbẹ, ìwọ̀nba ni ilé kọ̀ọ̀kan sì ń rí pọn níbẹ̀. Nínú èyí tí kò tó wọn mu ni wọ́n ti ń bu igbá kọ̀ọ̀kan fún Ẹtu. Àdéhùn wọn ni pé bí tòmátì náà bá so, ẹnikẹ́ni ò ní fi kan ẹnu. Irúgbìn ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Ẹtu á pín in kárí ilé, kí oníkálùkù lè rí nǹkan gbìn nígbà tí òjò bá dé. Ẹtu gbà bẹ́ẹ̀, ó sì búra lójú Ẹfọ̀n.

Wọ́n ní àṣà kan ní ìlú yẹn. Èso tí wọ́n bá yàn fún irúgbìn, òwú pupa ni wọ́n ń so mọ́ ọn lọ́rùn. Èso olówùú, èèwọ̀ ẹnu ni. Bí ebi ń pa ọmọ kú lọ, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí igi títí á fi pọ́n kọjá pípọ́n, tí yóò rọ̀, kí hóró inú rẹ̀ lè gbó dáadáa. Oòrùn ti já òdòdó igi Ẹtu dànù púpọ̀, ìwọ̀nba èso ló dúró. Gbogbo èyí tó dúró ni Ẹtu so òwú mọ́.

Ìjàpá gba ẹ̀yìn ọgbà kọjá lọ́jọ́ kan. Ó yọ ọrùn. Ó rí èso tó so rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ó ń dán, ó tóbi. Itọ́ kún un lẹ́nu, ó gbé e mì, òmíràn tún kún un. Ó délé, ó jókòó ti Yánníbo ìyàwó rẹ̀.

"Yánníbo, mo rí nǹkan."

"Èso olówùú ni o," ni Yánníbo wí. Kò tiẹ̀ gbé ojú sókè nídìí ààrò. Ó mọ ọkọ rẹ̀.

"Ṣé mo ní mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Mi ò gbọ́ kí o sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀fun rẹ ni mo gbọ́ tó ń ṣe gbùnkẹ́."

"Òwú lásán-làsàn! Ìgbà wo ni òwú di ọba?"

Yánníbo kọjú sí ààrò rẹ̀. Ẹni tó bá bá Ìjàpá jiyàn, àfi kó jẹun dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ gidi ò sì sí nílé.

Ọjọ́ kejì, Ìjàpá gbéra, ó di ọgbà Ẹtu. Ó bá obìnrin náà níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń já ọmọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó ń yọ ní abíyá igi kúrò, kí wọ́n má baà bá èso du oúnjẹ.

"Ìyá Ẹtu, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá o."

"A dúpẹ́ o, ọkọ Yánníbo. Ẹ máa rọra tẹ ilẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́."

Ìjàpá wo èso. Ó mi orí. Ó pòṣé. Ó tún mi orí.

Àyà Ẹtu já. "Kí lẹ rí?"

"Áà, Ìyá Ẹtu. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti tóbi tán, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kí ló dé tí wọn ò pọ́n?"

Ọ̀rọ̀ yìí bá Ẹtu níbi tó ń dùn ún. Lójoojúmọ́ ló ń jí wo èso yẹn, lójoojúmọ́ ni wọ́n ṣì tutù yọ̀yọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn ò pọ́n ńkọ́? Kí ni yóò sọ fún àwọn tó ń fi òùngbẹ ara wọn fún un lómi?

"Èmi náà ń rò ó," ló wí pẹ̀lẹ́.

"Ojú ló ń tì wọ́n," ni Ìjàpá wí.

"Ojú kẹ̀?"

"Ojú mà ni! Ẹni tó bá ti ń kọjá ló ń yọjú wò wọ́n. Ọ̀yà ń wò wọ́n. Ehoro ń wò wọ́n. Ìyá Ẹtu, ṣé ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń wẹ ìyàwó lójú ọjà rí? Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìyàwó lọ́ṣọ̀ọ́, ṣebí inú yàrá ni wọ́n ń mú un wọ̀, tí wọ́n á fi aṣọ dí ẹnu ọ̀nà? Pupa tí tòmátì ń pupa yẹn, ọ̀ṣọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò lè ṣe é lójú gbogbo ayé."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí nǹkan bá ń já yín láyà, ẹ̀yin náà á gba ọ̀rọ̀ tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹtu ronú títí. Lóòótọ́, kò tíì rí ìyàwó tí wọ́n wẹ̀ lójú ọjà rí.

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Kò le rárá. Ẹ fi ẹní yí wọn ká, kí ojú má baà tó wọn. Tó bá di ọ̀sán, kí ẹ̀yin ìyá wọn dúró lẹ́yìn ọgbà, kí ẹ kọjú sí ọ̀nà, kí ẹ máa kọrin kí wọn. Ẹ ò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í pariwo ni kó wà nínú ọgbà tí yóò máa gberin, kí àyà wọn má baà máa já."

"Ta ni kì í pariwo nínú wa?"

Ìjàpá wolẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. "Bí ẹ bá bẹ̀ mí, mi ò ní kọ̀."

Ẹtu bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò rí nǹkan? Olè ni wọ́n ń bẹ̀ kó wọlé!

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ẹtu dúró lẹ́yìn ọgbà, ó kọjú sí ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ìjàpá ń gbè é láti inú ẹní. Ó yá, Mojírádé, ìwọ àti àwọn yòókù ni Ìjàpá:

*Tòmátì mi, má tijú mọ́,*
Pẹ̀lẹ́, arẹwà, pẹ̀lẹ́.
*Oòrùn kí ọ, afẹ́fẹ́ kí ọ,*
Pẹ̀lẹ́, arẹwà, pẹ̀lẹ́.
*Ìyá rẹ ń bẹ lẹ́yìn ọgbà,*
Pẹ̀lẹ́, arẹwà, pẹ̀lẹ́.
*Pọ́n wá, pọ́n wá, ilé ń retí rẹ,*
Pẹ̀lẹ́, arẹwà, pẹ̀lẹ́.

Ìjàpá ò jẹ ẹyọ kan lọ́jọ́ yẹn. Kíkan ni wọ́n ṣì kan. Nígbà tí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, Ẹtu wọlé wò, ó rí i pé ìdí èso kan ti ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ó pariwo ayọ̀. Ó di mọ́ Ìjàpá.

"Ọkọ Yánníbo, ẹ ṣeun! Ẹ ṣeun!"

"Mo sọ fún yín, àbí mi ò sọ?" ni Ìjàpá wí, ó ń yan. Àsìkò pípọ́n wọn ló kúkú tó. Èso tí àsìkò rẹ̀ bá tó kì í béèrè orin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Ìjàpá bá ní kí Ẹtu fi orí rìn, á fi orí rìn.

Wọ́n pọ́n, wọ́n pọ́n, wọ́n pọ́n yòò. Wọ́n rọ̀. Ó kù díẹ̀ kí Ẹtu já wọn. Ọ̀sán ọjọ́ náà, Ìjàpá ní, "Ìyá Ẹtu, òní lọjọ́ ìṣíjú ìyàwó wa. Orin òní ò gbọdọ̀ kúrú o. Ẹ kọ ọ́ títí ohùn yín á fi há."

Ẹtu bẹ̀rẹ̀ orin lẹ́yìn ọgbà. *Tòmátì mi, má tijú mọ́.* Ìjàpá já èyí tó tóbi jù, ó tú òwú dànù, ó jù ú sẹ́nu. *Pẹ̀lẹ́, arẹwà, pẹ̀lẹ́.* Omi rẹ̀ tú sí i lẹ́nu fàà. Ó já òmíràn. *Oòrùn kí ọ, afẹ́fẹ́ kí ọ.* "Pẹ̀ẹ́... mm... awẹwà... mm..." Ó já méjì pọ̀. "Mm... mm... wẹwà... mm..."

Ẹtu dá orin dúró. "Ọkọ Yánníbo, kí ló ń ṣe ẹnu yín?"

"Ẹkún ni!" Ìjàpá gbé e mì kíá. "Ẹwà wọn ló ń pa mí lẹ́kún! Ẹ má dá orin dúró, wọn á bínú!"

Ẹtu náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ó gbé orin sókè. Àwọn ará àdúgbò tó jókòó sábẹ́ ibòji ń gbọ́ wọn: ẹnì kan ń lé, ẹnì kan ń gbè. Ìjàpá jẹ pupa tán, ó jẹ èyí tó rẹ́súrẹ́sú, ó jẹ èyí tó ṣì tutù tó kẹ́yìn mọ́ ọn. Òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ó rí omi tí Ẹtu fẹ́ fi rin ọgbà, ó gbé igbá sẹ́nu, ó dà á mu.

Ó jáde. Ó ń nu ẹnu. "Wọ́n ti sùn o. Ẹ má ṣí ẹní wò títí di àárọ̀ ọ̀la."

Kò tíì kúrò lẹ́bàá ọgbà Ẹtu tí inú rẹ̀ fi ké hurú. Inú tó ti ń jẹ iṣu gbígbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ wá da tòmátì gbígbóná àti igbá omi lé e lórí! Ìjàpá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọgbà. Ó dìde. Ó dé ẹ̀yìn ilé Ọ̀yà, inú tún ké hurúhurú. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó ń sáré. Ṣé ẹ mọ bí Ìjàpá ṣe ń sáré? Kò dé ìdí igi àgbálùmọ̀ tí ọ̀rọ̀ tún fi bẹ́yìn yọ. Nígbà tó délé, kò ráyè kí Yánníbo. Ẹ̀yìn ilé ló gbà lọ, ó di orí ààtàn. Orí ààtàn yẹn ni oòrùn wọ̀ bá a. Á dìde, á jókòó. Á dìde, á tún jókòó.

"Kí lo jẹ?" Yánníbo bi í láti ojú fèrèsé.

"Iṣu ni! Iṣu àná ni!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ẹtu ṣí ẹní. Kò rí èso kankan. Òwú pupa nìkan ló rí lórí ilẹ̀, tó rí jágbajàgba. Ó jókòó sórí ebè, ó kígbe, gbogbo àdúgbò sì sáré wá.

Ìjàpá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Háà! Ẹyẹ ti jẹ ẹ́!"

"Ẹyẹ wo ló ń tú òwú kó tó jẹun?" ni Ẹtu wí. Ó dìde. "Ìjàpá, ìwọ nìkan lo wọ inú ọgbà yìí."

"Èmi? Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn mi lánàá?"

"A gbọ́ ọ," ni wọ́n wí.

"Kí ni mò ń ṣe?"

"Orin lò ń gbè."

"Ẹni tó ń gberin, ẹnu wo ni yóò fi jẹun? Àánú ló ṣe mí tí mo fi ràn án lọ́wọ́ o. Èmi ti lọ sílé mi. Ta ló wá kù sí ìdí ọgbà?"

Gbogbo ojú yí sí Ẹtu. Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀, bọ́ síwájú. Ọ̀yà ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. "Omi wa dà? Ìyá Ẹtu, omi tí mo gbà lẹ́nu ọmọ mi dà? Ojú kòkòrò ò jẹ́ kí o lè dúró!"

"Mi ò jẹ ẹ́," ni Ẹtu wí. "Ọ̀yà, ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè jẹ ẹ́."

"Kí ni mo mọ̀? Òwú nìkan ni mo rí."

Ẹfọ̀n tẹ orí ba, ó ronú. Kò rí ẹlẹ́rìí, kò sì fẹ́ fi ojú fífọ́ dájọ́. "Ẹtu," ló wí, "o búra níwájú mi. Bí òjò bá dé tí a ò rí nǹkan gbìn, ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ kò ní tọ́jú irúgbìn fún ìlú yìí mọ́ láé."

Ìbànújẹ́ mú Ẹtu. Kì í ṣe ti ìtìjú nìkan. Ìyá rẹ̀ ló tọ́jú irúgbìn kó tó kan òun, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì ṣe é ṣáájú. Àwọn èèyàn ò fún un lómi mọ́, igi tòmátì rẹ̀ gbẹ tì. Bó bá kí Ọ̀yà láàárọ̀, Ọ̀yà á máa wo ọ̀run. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ nǹkan tí obìnrin yìí ń ṣe. Ojoojúmọ́ ló ń wọ inú ọgbà tó ti ṣófo yẹn. Ó ń tu koríko. Ó ń tún ebè ṣe. Ó ń da ewé jíjẹrà mọ́ ilẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní, "Ìyá wa, ta lẹ ń tún ilẹ̀ ṣe dè?" Ó ní, "Mi ò mọ̀. Ẹni tó bá máa gbàlejò kì í gbá ilé lọ́jọ́ tí àlejò bá dé."

Òjò dé. Òjò rọ̀ bí ẹni pé ó ń san gbèsè. Ilẹ̀ mu omi yó. Ewé tuntun yọ níbi gbogbo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹtu jáde lọ wá koríko. Ó rí nǹkan tútù kan lẹ́bàá ọgbà rẹ̀, tó hù pọ̀ ṣùgbùṣùgbù. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ewé rẹ̀ ya wẹ́wẹ́, irun funfun kéékèèké wà lára rẹ̀. Ó fi ìka ra ewé kan, ó gbé ìka sí imú.

Òórùn tòmátì ni!

Ẹ̀yin ọmọ, Ẹtu rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè, ó rí òmíràn lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn ilé Ọ̀yà. Ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀yà.

"Kí lo fẹ́?"

"Wá wo ẹ̀yìn ilé rẹ."

Ọ̀yà wò. Ó ra ewé, ó gbóòórùn. "Mi ò gbin nǹkan síbí o."

"Mo mọ̀. Jẹ́ ká lọ pe baálẹ̀."

Wọ́n pe Ẹfọ̀n, wọ́n jọ ń tọ ipa tòmátì lọ bí ọdẹ ṣe ń tọ ipa ẹran. Wọ́n bá òmíràn nídìí igi àgbálùmọ̀. Wọ́n ń lọ, ìlú ń tẹ̀lé wọn. Ibo ni ipa náà já sí? Ẹ wí fún mi!

"Ẹ̀yìn ilé Ìjàpá!"

Orí ààtàn Ìjàpá ni! Ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Tòmátì hù níbẹ̀ débi pé ẹ ò lè rí èèpo iṣu tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yánníbo dúró, ó káwọ́ lérí. "Èmi ò gbin nǹkan kan o," ló wí.

Ìjàpá gbọ́ ariwo láti inú ilé. Ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Tòmátì! Tòmátì rẹpẹtẹ!" Bó bá jẹ́ pé ó ní ọgbọ́n bó ṣe ní ojú kòkòrò ni, inú ilé ni ì bá jókòó sí. Ṣùgbọ́n ó sáré jáde, ó ta ọwọ́ méjèèjì sórí ààtàn.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án! Tèmi ni! Èmi ni mo gbìn ín!"

Ẹtu ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn bí oyin.

"Ọkọ Yánníbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbin gbogbo èyí?"

"Èmi nìkan."

"Ti ìdí igi àgbálùmọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Tèmi ni!"

"Ti ẹ̀yìn ilé Ọ̀yà?"

"Tèmi! Títí dé ẹ̀bá ọgbà tìẹ, tèmi ni gbogbo rẹ̀!"

Èyí ni pé ó mọ gbogbo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀! Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Ẹfọ̀n ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìjàpá, gbogbo tòmátì ìlú yìí ló kú nínú ọ̀dá, àfi ti Ẹtu nìkan. Níbo lo ti rí hóró tí o gbìn?"

Ìjàpá họ orí. "Bàbá mi ló fún mi lójú àlá."

"Baálẹ̀," ni Yánníbo wí, ó ti sú u, "lọ́jọ́ tí tòmátì Ìyá Ẹtu sọnù, orí ààtàn yìí ni oòrùn wọ̀ bá ọkọ mi. Á dìde, á jókòó. Mo bi í pé kí ló jẹ. Ó ní iṣu ni. Mo ti ń se iṣu láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé, mi ò rí iṣu tó hu ewé tòmátì rí."

Ẹ̀rín bú lu ìlú! Ehoro ṣubú lulẹ̀. Ìjàpá fa orí wọnú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó má jáde mọ́. Ẹfọ̀n pàápàá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọ̀yà dá ẹ̀rín dúró, ó wá síwájú Ẹtu, ó kúnlẹ̀. "Ìyá Ẹtu, mo sọ̀rọ̀ sí yín. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, lójú gbogbo èèyàn náà ni mo ti ń tọrọ àforíjì."

Ẹtu fà á dìde. "Ó dùn mí," ló wí, "ó dùn mí gidi. Ṣùgbọ́n omi ọmọ rẹ lo fún mi. Dìde, ká lọ gbin nǹkan."

Ẹfọ̀n dájọ́. Kò ní kí wọ́n na Ìjàpá. Ó ní Ìjàpá fúnra rẹ̀ ni yóò hú gbogbo tòmátì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí gbòǹgbò má baà já. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi hú u. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò fi rù ú dé ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ ìdí rẹ̀! Ìjàpá di imú, ó ń hú u, ó ń rù ú. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà kan, àwọn ọmọdé á bẹ́ sórin: *Pẹ̀lẹ́, arẹwà, pẹ̀lẹ́!*

Ẹtu ń tẹ̀lé e láti ilé dé ilé. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ri ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ki igi tì í, ibi tí wọ́n ń da omi sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí ilé tí kò ní tòmátì lẹ́yìnkùlé. Ẹfọ̀n pe Ẹtu, ó ní kó padà sí ipò rẹ̀, kó máa tọ́jú irúgbìn ìlú.

"Rárá o, baálẹ̀," ni Ẹtu wí.

"O ṣì ń bínú?"

"Mi ò bínú mọ́. Ṣùgbọ́n bí irúgbìn gbogbo ìlú bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹnì kan ṣoṣo náà ló tó láti jẹ ẹ́ tán. Kí ilé kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú tirẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kú, kó wá bá mi, màá fún un. Èyí tó hù lẹ́bàá ọgbà mi yẹn tó mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Nígbà tí tòmátì so, ó so débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀. Ọbẹ̀ pupa padà sí ìlú. Àwọn ọmọdé ò wo ojú ìyá wọn mọ́, àwo nìkan ni wọ́n ń wò.

Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí nìyí, wẹ́rẹ́. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ọbẹ̀ mi kan kí n tó gbé e kalẹ̀. Bó bá sì jẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún mi ni mo ṣe sọ fún yín, kí àtẹ́wọ́ yín ró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbàà! Ẹ ṣeun.

Ẹ wá gbọ́ ìdí àlọ́ mi. Nígbà tí Ìjàpá ń hú tòmátì orí ààtàn, ó ti rẹ̀ ẹ́, òórùn rẹ̀ sì ti sú u. Kò hú u tán. Àwọn kan kù lábẹ́ èèpo iṣu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí di òní, tòmátì máa ń hù lórí ààtàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn ín. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i níbẹ̀ lọ́la, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má sì béèrè ẹni tó ni ín. Ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, ẹ wa ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ilẹ̀, kí ẹ gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ti tún ibì kan ṣe dè é.